Edward Bannister, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ya ìdákẹ́jẹ́ ilẹ̀

Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín tó ti kú láti ọdún 1901. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe olóṣèlú. Ayàwòrán ni. Ohun tó sì yà jù láyé ẹ̀ ni ilẹ̀: igi, pápá, màlúù tó ń wálé ní ìrọ̀lẹ́, omi tó dúró jẹ́ẹ́, ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Orúkọ ẹ̀ ni Edward Mitchell Bannister.

Àwọn kan nínú yín á máa bi ara wọn pé kí ló kan ará Issaba nínú ọ̀rọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kàn wá, a ó sì rí i bí a bá ṣe ń bá ìtàn náà lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun kan tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà ọyẹ́, bí èèyàn bá jí ní kùtùkùtù tó jáde síta, kì í rí ìlú tán. Kùrukùru á ti bo ọ̀pẹ, á ti bo òrùlé, á ti bo ọ̀nà oko. Igi tó wà nítòsí á dúdú díẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á rí bí eérú, èyí tó jìnnà jù á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà pọ̀ mọ́ ojú ọ̀run. Kò sí àwọ̀ kankan tó ń pariwo níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sóko á kàn dúró díẹ̀, ọkàn ẹ̀ á rọ̀, kò sì ní mọ ìdí ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn gan-an ni Bannister fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ wá kiri.

Ọmọ tó ń yàwòrán sára ilẹ̀kùn abà

Nǹkan bí ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní St. Andrews, ìlú kékeré kan létí òkun ní New Brunswick, ní Kánádà. Bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wá láti erékùṣù Barbados, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ ṣẹrú nínú oko ìrèké. Bàbá yìí kú nígbà tí Edward ṣì kéré púpọ̀. Hannah ìyá ẹ̀ ló tọ́ ọ, òun náà ló sì kọ́kọ́ rí i pé ọwọ́ ọmọ òun mọ àwòrán yà, tó sì ń gbà á níyànjú. Ní 1844, ìyá náà kú. Bí Edward ṣe di ọmọ òrukàn nìyẹn.

Wọ́n mú un lọ gbé lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò olówó kan nínú ìlú. Nínú ilé yẹn, àwòrán àwọn ẹbí onílé wà lára ògiri. Edward a máa wò wọ́n, a sì máa yà wọ́n. Bí kò bá rí ìwé, ara ilẹ̀kùn abà ló ń yà á sí, tàbí ara igi ọgbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbá ọmọ létí nítorí pé ó fi èédú ya ewúrẹ́ sára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́?

Nígbà tó dàgbà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń se oúnjẹ fún àwọn atukọ̀. Ìgbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1850, ó ti wà ní Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ayàwòrán ló fẹ́ dà, ó sì wá ọ̀gá tó máa kọ́ ọ, àmọ́ kò sí ayàwòrán kan tó fẹ́ gba ọmọ aláwọ̀ dúdú síṣẹ́. Ló bá di onígbàjámọ̀. Ọwọ́ tó fẹ́ di búrọ́ọ̀ṣì mú, abẹ ló ń fi í dì mú. Lálẹ́ ló ń yàwòrán.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀

Ní 1853, ó wáṣẹ́ lọ sí ilé ìṣerunlóge kan. Obìnrin ló ni ín, Christiana Carteaux lorúkọ ẹ̀. Ìlà ìdílé obìnrin yìí pa pọ̀ mọ́ ti ọmọ Áfíríkà àti ti àwọn Narragansett, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ Rhode Island kí òyìnbó tó dé. Oníṣòwò gidi ni, ó mọ irun ṣe, ó mọ owó pa mọ́, ó sì mọ èèyàn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1857.

Kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ ìtàn Bannister ká yọ obìnrin yìí kúrò. Owó irun ló ra ọ̀dà. Owó irun ló san ilé. Bannister fúnra ẹ̀ sọ ọ́ lójú ayé pé láìsí ìyàwó òun, òun ò bá má dé ibi tí òun dé. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí ti àwọn méjèèjì ṣe rí nìyẹn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bẹ iṣẹ́ àwòrán lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe òyìnbó. Dókítà aláwọ̀ dúdú kan ní Boston ni, John V. DeGrasse, ní 1854. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó ń kúrò ní èbúté ló ní kó yà fún òun. A fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí i: kí àwọn àjèjì tó mọyì ẹ̀, àwọn èèyàn ẹ̀ ti kọ́kọ́ náwó lé e lórí.

Ogun àti owó oṣù àwọn ọmọ ogun

Òwò ẹrú ò tíì parí ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní gúúsù, ẹrú ṣì pọ̀ bí eéṣú. Bannister àti Christiana wà lára àwọn tó ń jà kí wọ́n fòpin sí i. Fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé nílé Lewis Hayden, ẹni tí òun náà ti ṣẹrú rí kó tó sá, tó sì wá sọ ilé ẹ̀ di ibi ìsápamọ́ fún àwọn tó ń sá bọ̀.

Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan sílẹ̀ ní Massachusetts ní 1863, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ 54. Dọ́là 13 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, bíi ti àwọn ọmọ ogun funfun. Ìgbà tí ọjọ́ owó pé, dọ́là 10 ni wọ́n mú wá, wọ́n sì ní àwọn á yọ dọ́là 3 níbẹ̀ fún aṣọ. Àwọn ọmọ ogun náà ò gbà á. Wọ́n ń jà, wọ́n ń kú, wọn ò sì gba kọ́bọ̀, nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìdajì èèyàn làwọn. Ebi wá ń pa aya àtọmọ wọn nílé.

Ní 1864, Christiana kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ṣe ọjà ńlá kan láti fi rówó fún àwọn ẹbí ọmọ ogun wọ̀nyí. Kí ni ọkọ ẹ̀ mú wá? Àwòrán. Ó ya Robert Gould Shaw, ọ̀gágun òyìnbó tó kú pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun dúdú náà lójú ìjà, wọ́n sì fi àwòrán yẹn wá owó. Láàárín ọdún yẹn kan náà, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí owó oṣù dọ́gba.

Barbizon, àti ohun tí ohùn jẹ́

Láàárín wàhálà yìí, Bannister ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ William Rimmer ní Lowell Institute ní Boston. Ó kọ́ bí a ṣe ń ya fótò pẹ̀lú. Àmọ́ ohun tó yí i padà jù wá láti ilẹ̀ Faransé, ilẹ̀ tí èdè ẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa níléèwé lójoojúmọ́.

Abúlé kan wà nítòsí igbó Fontainebleau, kò jìnnà sí Paris, tó ń jẹ́ Barbizon. Láti nǹkan bí ọdún 1830, àwọn ayàwòrán bíi Théodore Rousseau àti Jean-François Millet kó lọ síbẹ̀. Ó sú wọn láti máa ya ọba àti òrìṣà àwọn ará Gíríìsì. Wọ́n fẹ́ ya igi bó ṣe wà, àti àgbẹ̀ bó ṣe tẹ̀ba sórí ilẹ̀. Millet ya àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń ṣa ṣírí ọkà tó kù lẹ́yìn ìkórè, ìyẹn Les Glaneuses, ní 1857. Obìnrin Issaba tó bá ti ṣa èkùrọ́ tó já sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ mọ ẹ̀yìn tí Millet yà yẹn. Ará Amẹ́ríkà kan, William Morris Hunt, gbé pẹ̀lú Millet, nígbà tó sì padà sí Boston, ó kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni Bannister ti rí i. Òun fúnra ẹ̀ ò fẹsẹ̀ tẹ Yúróòpù láti lọ kọ́ṣẹ́, àmọ́ ohun tó rí yẹn tó o.

Láti ibẹ̀ ni irú àwòrán kan ti jáde ní Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní tonalisme. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun ńlá, àmọ́ kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Èdè ohùn lèdè wa. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́: lẹ́tà kan náà, ohùn ló yà wọ́n. Onílù mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ kí èèyàn banú jẹ́ díẹ̀, òun á sọ ìlù sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ayàwòrán yìí ṣe ń lo àwọ̀. Wọ́n á mú ohùn kan ṣoṣo, bóyá àwọ̀ ilẹ̀, bóyá ti eérú, bóyá ti ewé tó ń gbẹ, wọ́n á jẹ́ kó darí gbogbo àwòrán. Pupa kì í dún ju yòókù lọ, funfun kì í tàn wá lójú. Ọwọ́ ìdájí tàbí ọwọ́ àṣálẹ́ ni wọ́n máa ń yà jù, nígbà tí oòrùn ò tíì gbóná tàbí nígbà tó ti ń lọ. Ẹni tó bá ń kánjú, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró, àwòrán náà á máa ṣí fún un díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwòrán nọ́ńbà 54

Ní 1867, ìwé ìròyìn New York Herald gbé ọ̀rọ̀ kan jáde pé ó jọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú mọ bí a ṣe ń fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, àmọ́ ó hàn pé wọn ò lè ṣe é fúnra wọn. Bannister kà á. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Kò kọ lẹ́tà èébú. Ó padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tí ọdún 1869 ń parí lọ, òun àti Christiana kó lọ sí Providence, ní Rhode Island, ìpínlẹ̀ tí obìnrin náà ti wá. Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé irú ibi tí Rhode Island jẹ́. Nínú gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó wá kó ẹrú ní etíkun wa, ti Rhode Island ló pọ̀ jù. Ọtí ni wọ́n fi ń pààrọ̀ èèyàn. Lẹ́bàá omi tí àwọn ọkọ̀ yẹn ti ṣíkọ̀ ni ọmọ aláwọ̀ dúdú yìí wá gbé pátákó àwòrán ẹ̀ kalẹ̀.

Ní 1876, Amẹ́ríkà pé 100 ọdún, wọ́n sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Philadelphia tí gbogbo ayé wá wò. Bannister fi àwòrán kan ránṣẹ́ tó pè ní Under the Oaks, ìyẹn Lábẹ́ Igi Oak. Àwọn tó ń ṣèdájọ́ ò mọ ẹni tó yà á, wọn ò mọ àwọ̀ ara ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n wò. Lọ́jọ́ kan, Bannister kà á nínú ìwé ìròyìn pé nọ́ńbà 54 ti gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́. Nọ́ńbà tiẹ̀ ni. Ẹ tún rántí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí òun àti ìyàwó ẹ̀ ti ràn lọ́wọ́.

Ó sáré lọ síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Èrò pọ̀ níwájú ọ́fíìsì. Bó ṣe ń gbìyànjú láti kọjá, wọ́n ń ráhùn sí i pé kí ni ọ̀dọ̀ dúdú yìí ń wá níbẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì, ó bi í nípa nọ́ńbà 54. Ọkùnrin yẹn ò kọ́kọ́ dá a lóhùn, ìgbà tó sì máa sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀sí ló fi bi í pé kí ló kàn án. Inú bí Bannister, àmọ́ ó kó ara ẹ̀ níjàánu. Ó fi sùúrù sọ fún un pé òun lòun ya àwòrán yẹn. Gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári. Ojú ti ọkùnrin náà, ó sì ń tọrọ àforíjì; àwọn tó ń tì í lẹ́ẹ̀kan wá ń tẹrí ba fún un.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn adájọ́ fẹ́ yí ìdájọ́ padà nígbà tí wọ́n mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Àmọ́ àwọn ayàwòrán òyìnbó tó bá a díje kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹni tó gba ẹ̀bùn ló gbà á. Bí àmì ẹ̀yẹ náà ṣe dúró lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ará Boston kan ra àwòrán náà ní dọ́là 1,500, owó ńlá gbáà nígbà náà. Ohun tó dun ni ni pé àwòrán yẹn ti sọ nù. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà títí dòní. Àwòrán tó mú un di olókìkí, ojú wa ò lè rí i mọ́.

Kí ló dé tó fi ya ìdákẹ́jẹ́?

Lẹ́yìn èyí, nǹkan ṣẹnuure fún un. Ní 1880, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Providence Art Club sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì wà títí dòní. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó sọ ní Fanchon, a sì máa tù ú lórí omi Narragansett, a máa wo ìkùukùu, a máa ya ohun tó rí sínú ìwé. Ní 1881, ó ya àwọn màlúù tí wọ́n ń dà wálé. Ní 1886, ó ya Approaching Storm: ọkùnrin kan tó gbé àáké léjìká lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń tẹ igi ba, ojú ọ̀run ti ṣú, òjò ò tíì dé. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ ìṣẹ́jú yẹn?

Àwa náà bi ara wa léèrè ohun kan. Ọkùnrin tó mọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n, tó bá àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú gbé nínú ilé kan, tí wọ́n tì síwá sẹ́yìn níwájú ọ́fíìsì, kí ló dé tí kò ya pàṣán? Kí ló dé tí igi àti màlúù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

A ò rò pé ó sá fún ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1893, ó ya Hay Gatherers, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń kó koríko gbígbẹ jọ nínú oko. Pápá náà lẹ́wà, ìmọ́lẹ̀ rọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn obìnrin yẹn tẹ̀, iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tó yé wa ni pé wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba ẹ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀ mìíràn jẹ wọ́n níyà. Kí ọmọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wá dúró níwájú pápá, kí ó fara balẹ̀ wò ó, kí ó sì fẹ́ràn ẹ̀ láìbẹ̀rù, nǹkan ńlá nìyẹn. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ní ín. Ó tún gbà pé ìṣọ̀kan kan wà nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, iṣẹ́ ayàwòrán sì ni láti wá a rí.

Ikú ẹ̀, àti ohun tó ṣẹ́ kù

Ní 1890, Christiana ṣí ilé kan ní Providence fún àwọn arúgbó obìnrin aláwọ̀ dúdú tí kò ní ẹni tó máa tọ́jú wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1901, Bannister lọ sí ìpàdé àdúrà lálẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ikú tó bá ìgbé ayé ẹ̀ mu ni: nínú ìdákẹ́jẹ́, láàárín àwọn èèyàn ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ẹgbẹ́ tó bá wọn dá sílẹ̀ kó àwòrán ẹ̀ tó lé ní 100 jọ fún aráàlú láti wò. Àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ ẹ̀ sì gbé òkúta ńlá kan sórí ibojì ẹ̀. Christiana tẹ̀ lé e ní 1902.

Lẹ́yìn náà, ayé gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀ tó ń pariwo ló gbòde. Ìgbà tó yá, wọ́n tún wá a rí. Lónìí, àwòrán ẹ̀ púpọ̀ wà ní Smithsonian ní Washington, ní 2023 sì ni wọ́n gbé ère ẹ̀ kalẹ̀ ní àárín ìlú Providence.

Kí ló wá kan Issaba? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà wa nígbà òjò mọ ohun tí a fẹ́ sọ: amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, tó ń mú kí zémidjan bọ́ sílẹ̀ kó máa ti ọkọ̀ ẹ̀. A ti gbọ́ ọ títí pé ilẹ̀ wa burú, pé kò sí nǹkan kan níbí. Àwọn ọmọ wa náà ti ń gbà bẹ́ẹ̀, ojú wọn ti wà ní Kútọnu àti Èkó. Àmọ́ amọ̀ dúdú yẹn kan náà, bí oòrùn àṣálẹ́ bá bà lé omi tó dúró sí i, tí ọ̀pẹ sì dúró lẹ́yìn ẹ̀ nínú kùrukùru, a ò mọ ohun tí Bannister ì bá tún máa wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ń fi èédú yàwòrán, ẹ fún un ní ìwé. Bí ẹ ò bá ní ìwé, ẹ fi ilẹ̀kùn abà kan sílẹ̀ fún un. Lọ́la, bí ẹ bá sì ń lọ sóko ní ìdájí, ẹ dúró díẹ̀. Iṣẹ́ ò ní sá lọ.

Ọ̀la á dára o.